Àyẹ̀wò ara fún sójà tó gbọgbẹ́: bí ẹ ṣe lè múra de ìgbìmọ̀ dókítà tó ń díwọ̀n pẹ́ńṣàn

Àwọn sójà ọmọ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí tí ọta ìbọn tàbí bọ́ǹbù ṣe léṣe lójú ogun la kọ èyí fún, pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ àti àbúrò tó ń bá wọn sáré ìwé kiri láti Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú, Mọpà, Ìyàrá tàbí Kàbà. Ohun kan la fẹ́ kó yé wọn kí wọ́n tó gbéra nílé. Ìgbìmọ̀ dókítà kì í díwọ̀n ìrora tí ẹ jẹ lọ́jọ́ tí ìbọn bà yín. Ohun méjì ni wọ́n ń wá: ìwé tó fi hàn pé ẹnu iṣẹ́ sójà ni ọgbẹ́ náà ti wá, àti ohun tí ara yín kò lè ṣe mọ́ lónìí, tí ojú lè rí, tí ọwọ́ lè kàn, tí irinṣẹ́ sì lè wọ̀n. Ẹni tó ní ọ̀kan láìní èkejì lè rin ìrìn àjò asán láti Yàgbà dé Àbújá.

Ẹ mọ ẹni tó ń ṣe kí ni. Àwọn dókítà sójà ló ń sọ ìwọ̀n àléébù náà ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Military Pensions Board tó wà ní Àbújá ló ń san owó, lábẹ́ òfin pẹ́ńṣàn àwọn ológun. Dókítà ò mọ ìgbà tí owó máa wọlé, ẹ má bi í. Ẹ má sì fi àkókò ṣòfò ní ọ́fíìsì NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìbánigbófò àwọn òṣìṣẹ́: òfin ọdún 2010 tí wọ́n fi ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ yọ sójà sílẹ̀, àfi ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alágbádá lọ́dọ̀ wọn.

Kí ẹ tó bọ́ aṣọ

Ìgbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ló dára jù láti ṣe é. Fáìlì yín ṣì wà ní yúníìtì, ọ̀gá tó mọ bí wọ́n ṣe gbé yín kúrò lójú ogun ṣì wà níbẹ̀, ilé-ìwòsàn sójà ò sì jìnnà. Tí ẹ bá ti dé ilé tán, owó ọkọ̀ lẹ ó máa fi wá gbogbo rẹ̀.

Níbi àyẹ̀wò ìkẹyìn kí wọ́n tó dá sójà sílẹ̀ ni ìkánjú ti ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Wọ́n á bi yín bóyá ohunkóhun ń ṣe yín. Ẹni tó bá ní kò sí nǹkan kan, tó sì fọwọ́ sí i kó lè tètè délé kí Kérésìmesì tó dé, ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀rí tako ara rẹ̀. Ẹ ka ìwé náà. Ẹ darúkọ gbogbo ọgbẹ́, títí kan etí tó ń hó àti oorun tí kò wá mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé tí wọn ò tíì kọ nǹkan sí, ẹ ní kó kọ ọ́ tán ná.

Ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù náà ní láti mọ ìdí tí wọ́n fi lè ní kó padà wá. Nàfù (okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ara) tó já, bó bá ń hù padà, nǹkan bíi mìlímítà kan ló ń hù lójúmọ́. Ẹni tí ìbọn gé nàfù apá rẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ lè dúró tó ọdún kan kó tó mọ̀ bóyá ìka òun á tún gbéra. Dókítà tó bá kọ ìwọ̀n tó wà títí láé kí ìgbà yẹn tó pé kò tíì rí òótọ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ti ìgbà díẹ̀ ni, ẹ gba ọjọ́ ìpadàwá lórí ìwé, kí ẹ má sì jẹ́ kó kọjá.

Ìwé tó so ọgbẹ́ mọ́ iṣẹ́

Èyí ló ń gba àkókò jù, ibẹ̀ la sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹ ko gbogbo èyí jọ:

– ìwé ìdásílẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nọ́ńbà sójà yín, orúkọ yúníìtì tí ẹ wà lọ́jọ́ náà;
– ìròyìn tí ọ̀gá yúníìtì kọ nípa bí ẹ ṣe fara pa, tó ní ọjọ́, ibi, àti iṣẹ́ tí wọ́n rán yín;
– ìwé ilé-ìwòsàn àkọ́kọ́ tó gbà yín, ìbáà ṣe àgọ́ ìtọ́jú lẹ́yìn ojú ogun tàbí ilé-ìwòsàn sójà ní Màídúgùrì;
– àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ, àti ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ ń kúrò ní wọ́ọ̀dù;
– fíìmù X-ray fúnra rẹ̀ pẹ̀lú èsì tí wọ́n tẹ̀ síwèé.

Nínú márààrún, ìwé ilé-ìwòsàn àkọ́kọ́ láti ojú ogun ló lágbára jù, nítorí ìgbà tí wọ́n kọ ọ́, kò sẹ́ni tó tíì ń ronú owó. Bó bá ti sọnù, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú fáìlì ní ilé-ìwòsàn náà, kí ẹ fi nọ́ńbà sójà, oṣù àti ọdún tí wọ́n dá yín dúró sí i. Ilé-ìwòsàn ńlá tí wọ́n gbé yín lọ lẹ́yìn náà, bíi ilé-ìwòsàn sójà tí wọ́n ń pè ní 44 tó wà ní Kàdúná, lè ní ẹ̀dà lẹ́tà tí àgọ́ ojú ogun fi rán yín. Ẹ wá ẹlẹgbẹ́ méjì tó wà níbẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fojú rí, pẹ̀lú nọ́ńbà àti ipò wọn, kí wọ́n sì búra sí i ní kóòtù. Kí oníkálukú kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìwé méjì tó bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí dé àṣìṣe inú rẹ̀, máa ń fa ìfura.

Orúkọ ń dá wàhálà sílẹ̀ púpọ̀. Ní ilẹ̀ wa, èèyàn lè wọṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ ìbatisí, kí ilé-ìwòsàn pè é ní orúkọ bàbá, kí báńkì sì ní òmíràn. Bí wọ́n bá kọ Olorunfemi síbì kan, tí wọ́n kọ Olufemi síbòmíràn, ẹni méjì ni lójú akọ̀wé. Ẹ to gbogbo ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì kan, kí ẹ yẹ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà wò lẹ́tà kan sí èkejì. Èyí tí kò bá mu, kóòtù tó wà ní Kàbà lè ṣe ìwé ìbúra fún un kí ẹ tó gbéra.

Àwọn bàbá tó ja ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 tí wọn ò ní ìwé kankan mọ́, kí wọ́n má rò pé kò sí ẹ̀rí. Àfọ́kù irin tó wà nínú itan wọn láti ìgbà náà máa hàn kedere nínú X-ray òní. Kì í sọ ọjọ́ tó wọlé, àmọ́ pẹ̀lú ìwé ìdásílẹ̀ àti ẹlẹ́rìí tó ṣì wà láàyè, ọ̀rọ̀ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ojú ìwé kan péré fún dókítà: ọjọ́, ibi, ohun tó bà yín, ibi tó wọlé àti ibi tó gbà jáde, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe, ohun tó kù. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ ṣe. Ìgbìmọ̀ tó ní èèyàn púpọ̀ láti rí lọ́jọ́ kan kò ní ka ìwé ogún ojú.

X-ray, ọ̀rọ̀ irin, àti ìtọ́jú ilé

X-ray tó ti pẹ́ ń sọ bí egungun ṣe rí nígbà náà. Ẹ ya tuntun, láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, kó sì gba oríkèé òkè àti ti ìsàlẹ̀ ibi tó ṣẹ́. Àwòrán apá kan lè fi ọta pamọ́ sẹ́yìn egungun. Ilé-ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, ilé-ìwòsàn ìjọba ní Kàbà, tàbí èyí tó tóbi ní Lọ́kọ́ja ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Bí ẹ bá fura pé irin wà nínú ara yín, pàápàá nínú ojú tàbí lórí, ẹ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé yín wọ ẹ̀rọ MRI. Mágínẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rọ náà. Ó lè fa àfọ́kù irin kúrò níbi tó jókòó sí, kó sì fọ́ ojú tó kù. X-ray àti CT kò ní ìṣòro yẹn. Ọta tó jókòó sínú oríkèé tún ní ewu tirẹ̀: omi oríkèé máa ń yọ́ òjé inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sì lè fa inú rírun, àárẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ tí kò tó. Ẹ ní kí wọ́n wọn òjé inú ẹ̀jẹ̀ yín.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ló parí ìtọ́jú lọ́wọ́ àwọn tó ń to egungun nílé. A kò bú wọn. Ṣùgbọ́n wọn kì í kọ nǹkan sílẹ̀, gbẹ́rẹ́ tí wọ́n bá sín sí ibi ọgbẹ́ sì lè da dókítà láàmú. Ẹ fi hàn án èwo ni àpá ọta, èwo ni ti abẹ, èwo ni ti gbẹ́rẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú

Ẹ má dá oògùn wárápá, ti ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà dúró kí àwọn dókítà lè rí àìsàn náà kedere. Èèyàn lè kú sójú ọ̀nà Ọbájáná nítorí èyí. Ẹ lo oògùn bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ẹ kó páálí rẹ̀ dání, kí ẹ sì sọ pé oògùn ni ara yín fi dúró bó ṣe dúró yìí.

Ẹni tí wọ́n máa yẹ etí rẹ̀ wò, kó jẹ́ kí wọ́n fọ ìdọ̀tí etí fún un nílé-ìwòsàn ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Kó má fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí igi ìṣáná ṣe é. Kó jìnnà sí ariwo jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ọlọ àti gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì fún wákàtí 14 sí 16 ṣáájú àyẹ̀wò, torí ariwo tuntun máa ń pa etí kú fúngbà díẹ̀, dókítà ò sì ní lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìbọn.

Ẹ dé ìlú tí wọ́n ti máa ṣe é ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ẹsẹ̀ tó gbọgbẹ́ tí wọ́n ká kò nínú ọkọ̀ láti Ìsánlú dé Kàdúná máa wú, okùn ìwọ̀n á sì fi hàn pé ó nípọn ju bó ṣe rí gan-an lọ. Ẹ wọ ṣòkòtò kúkúrú sábẹ́ aṣọ tó rọrùn láti bọ́. Ẹ mú ọ̀pá, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá àti awò ojú lọ, kódà bí ẹ kì í bá lò wọ́n nínú ilé.

“A dúpẹ́”

Dókítà á kí yín: “Báwo ni ara?” Ọmọlúàbí á dáhùn pé, “A dúpẹ́, kò sí wàhálà.” Ìgbà tí ẹ bá gbójú sókè, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn kò ní ẹ̀dùn kankan. Ìkíni yìí ti ba ọ̀ràn àwọn àgbà jẹ́ ju ìwé tó sọnù lọ, tìtorí pé ìwé tó sọnù ṣì ṣeé wá. Ẹ kí i padà dáadáa, kí ẹ sì fi kún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: “Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì mi ò jẹ́ kí n lè ṣe báyìí báyìí.”

Ẹ fi iṣẹ́ sọ ọ́. “Ó ń dùn mí gan-an” kò ní ìwọ̀n. “Tẹ́lẹ̀ mo máa ń kọ ebè láti àárọ̀ dọ̀sán, báyìí, bí mo bá kọ mẹ́wàá, mo ní láti jókòó” ní ìwọ̀n. Ẹ sọ bí ẹ ṣe lè rìn jìnnà tó kí ẹ tó dúró, ìwúwo ẹrù tí ẹ lè gbé, iye ìgbà tí ìrora ń jí yín lóru, ọjọ́ mélòó lóṣù tí ẹ kì í lè jáde. Àwọn àtẹ tí dókítà fi ń díwọ̀n àléébù káàkiri ayé jáde láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń jókòó sórí àga. Nítorí náà, ẹ fẹnu ara yín sọ pé ẹ ò lè lóṣòó sí ṣáláńgá mọ́, pé ẹ ò lè dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, pé ẹ ò lè gun ọ̀kadà dé oko. Kò sẹ́ni tó máa bi yín.

Sísọ àsọdùn náà ń ba ọ̀ràn jẹ́. Wọ́n máa ń wo yín látìgbà tí ẹ bá ti ẹnu ọ̀nà wọlé: bí ẹ ṣe jókòó, bí ẹ ṣe bọ́ bàtà, ọwọ́ tí ẹ fi gbé fáìlì. Orúnkún tí kò ká lórí bẹ́ẹ̀dì tó sì ká dáadáa lórí àga máa jẹ́ kí wọ́n ṣiyèméjì lórí gbogbo ohun yòókù, títí kan èyí tó jẹ́ òótọ́. Ẹ ká a dé ibi tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ní “ibí ló ti ń dùn mí”, kí ẹ tún gbìyànjú síwájú díẹ̀.

Bí Gẹ̀ẹ́sì tàbí Haúsá yín kò bá dán mọ́rán, ẹ béèrè pé kí ẹnì kan máa túmọ̀ fún yín. Kí onítọ̀hún sọ ohun tí ẹ sọ, kó má fi tirẹ̀ kún un.

Ohun tí wọ́n ń wọ̀n

Oríkèé: irinṣẹ́ kan wà tó ń wọn igun. Orúnkún tó dá ṣáṣá máa ń ká dé nǹkan bíi digíríì 140, ìgbọ̀nwọ́ dé nǹkan bíi 145, apá sì máa ń gbé sókè dé 180. Kí wọ́n wọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà. “Ó ká díẹ̀” kò tó.

Iṣan: wọ́n á fi okùn yí itan ká níbi kan náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lókè orúnkún. Ẹsẹ̀ tí wọn kì í lò máa ń rù, ẹnikẹ́ni ò sì lè díbọ́n èyí. Agbára iṣan ń lọ láti 0 dé 5: 5 ni agbára pípé, 3 ni ẹni tó lè gbé ẹsẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè gbé e bí wọ́n bá fọwọ́ tì í.

Ẹsẹ̀ tí wọ́n gé: wọ́n á wọn gígùn ibi tó kù. Ẹ fi egbò tí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá dá sí i hàn wọ́n, àti kókó tó ń ta bíi iná bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ẹ sọ ọ́ bó bá ń ṣe yín bíi pé ìka ẹsẹ̀ tó ti lọ ń rún yín. Àìsàn tí dókítà mọ̀ dáadáa ni, kò sí ti àjẹ́ nínú rẹ̀.

Egbò tó ń san, tó ń tún tú ọyún jáde lọ́dọọdún: ó ṣeé ṣe kí egungun tó kú wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá tú, ẹ lọ sí ilé-ìwòsàn tó wà nítòsí kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Ọjọ́ ìgbìmọ̀ lè bá a ní gbígbẹ.

Ojú: 6/6 ni ojú tó mọ́. 6/60 túmọ̀ sí pé ohun tí ẹlòmíràn rí láti mítà 60, ẹ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn dé mítà 6. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀gbẹ́ ojú wò pẹ̀lú, nítorí ẹni tí orí rẹ̀ fara gbá lè ka lẹ́tà inú àtẹ tán, kó má sì rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lápá òsì.

Etí: ariwo ìbọn sábà máa ń kọ́kọ́ ba ohùn tín-ín-rín jẹ́, nítòsí 4000 Hz, nígbà tí ohùn tó nípọn ṣì ń wọlé. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, tí ẹ ò sì mọ ohun tó sọ. Àyẹ̀wò tí dókítà bá fi sísọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ṣe kò tó. Inú yàrá tó dákẹ́ ni kí wọ́n ti fi ẹ̀rọ ṣe é.

Orí àti ọkàn là ń fi pamọ́ jù, torí a kì í fẹ́ kí wọ́n pe ọmọ wa ní wèrè. Àlá ogun, fífò sókè bí bángà bá dún, sísá fún èrò, ìbínú òjijì: bí èyí bá kọjá oṣù kan, tó sì ń dí iṣẹ́ àti ilé lọ́wọ́, dókítà ọpọlọ ló yẹ kó gbọ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí wọ́n gbà lọ́sẹ̀ ìgbìmọ̀ kò wúwo; àkọsílẹ̀ ìtọ́jú oṣù mélòó kan ló wúwo. Bí ẹ bá wà ní ilé àdúrà, ẹ máa gbàdúrà lọ, ṣùgbọ́n ẹ lọ sílé-ìwòsàn pẹ̀lú, nítorí ilé àdúrà ò ní fáìlì. Kí ìyàwó kọ ohun tó ń rí lóru. Ti wárápá, kí ẹni tó wà níbẹ̀ kọ ọjọ́, bó ṣe pẹ́ tó, àti bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó ń ṣe kò lè mọ̀ ọ́n.

Ìwọ̀n náà

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún yìí kì í ṣe ti ẹsẹ̀ nìkan, ti odindi ara ni. Nínú àtẹ tí ìlú Gẹ̀ẹ́sì ń lò, ẹni tó pàdánù ojú kan, tí èkejì sì mọ́, 40 ni. Àtàǹpàkò jẹ́ 30. Nínú ètò wọn fún ọgbẹ́ tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú April 2005, ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó 20 ń gba owó ẹ̀ẹ̀kan, ẹni tó dé 20 ló ń gba pẹ́ńṣàn. Tiwa ní àtẹ tirẹ̀, ẹ béèrè èyí tí wọ́n lò fún yín. Ẹ má sì fi ìwọ̀n ọgbẹ́ méjì ro ara wọn pọ̀ bí owó. Ní Amẹ́ríkà, 50 àti 30 ń jẹ́ 65, tí wọ́n á sún sí 70: wọ́n mú 50 kúrò lára 100, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìyókù náà, ìyẹn 15, ni wọ́n sì tún fi kún 50 àkọ́kọ́.

Nígbà tí èsì bá jáde

Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá gbogbo ọgbẹ́ wà níbẹ̀, bóyá ọ̀tún ò di òsì, bóyá wọ́n kọ ọ́ pé iṣẹ́ ló fà á. Àṣìṣe ọ̀tún àti òsì rọrùn láti tún ṣe lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ti di ẹjọ́.

Bí wọ́n bá kọ̀, tàbí tí ìwọ̀n náà kéré, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí àkókò láti tako ó máa parí. Ìdí yẹn ni kí ẹ dáhùn. Bí wọ́n bá ní kò sí ẹ̀rí pé iṣẹ́ ló fà á, X-ray tuntun mẹ́ta kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ìwé yúníìtì lẹ nílò. Bí wọ́n bá gbà pé iṣẹ́ ló fà á ṣùgbọ́n tí wọ́n ní kò burú tó bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n oríkèé àti èsì ẹ̀rọ etí lẹ máa mú lọ, èyí tí dókítà míì ṣe, tó sì fọwọ́ sí. Ẹgbẹ́ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì lè bá yín kọ lẹ́tà náà.

Ẹni tó bá ní òun mọ ẹnì kan ní Àbújá tó lè gbé ìwọ̀n yín sókè, ẹ má fún un ní owó, ìwé gidi, tàbí nọ́ńbà àṣírí báńkì. Fọ́tòkọ́pì ni kí ẹ máa fi sílẹ̀ níbikíbi. Ìwé gidi a máa bá yín padà sílé, nínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀. Ẹni tí egungun rẹ̀ bá tún tú ọyún, tí kùkùté ẹsẹ̀ rẹ̀ nílò iṣẹ́ abẹ mìíràn, tàbí tí ojú kejì bẹ̀rẹ̀ sí ṣú lẹ́yìn tí ìwọ̀n ti jáde, kó gba ìwé dókítà lọ́sẹ̀ náà gan-an, kó sì kọ̀wé béèrè fún àyẹ̀wò tuntun.